Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Sìlíńdà Tó Ti Gbó Lẹ́yìn Kíṣìnì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa n'Ìbàdàn àti agbègbè ẹ̀. Nígbà tá a kọ̀wé lórí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ tí sìlíńdà gáàsì bá ń jò, a ò mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ bi wá gan-an ni pé, tí wọ́n bá ti ní àwọn ò rọ gáàsì sí i mọ́, kí la máa wá fi ṣe? Lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ yìí ló pọ̀ jù lóṣù yìí, ìyẹn la ṣe fi gbogbo ojú ewé yìí sílẹ̀ fún un. Èmi tí mò ń dáhùn yìí, iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́, mo sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó máa kọ̀wé, ohun tí mo fojú rí tí mo sì fọwọ́ ṣe ni mò ń bá yín sọ.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sìlíńdà 12.5kg kan ló wà lẹ́yìn kíṣìnì mi, ó ti lé lọ́dún kan tó ti wà níbẹ̀, níbi tá a ti ń rọ gáàsì wọ́n ní ìdí ẹ̀ ti dípẹtà, àwọn ò lè fi ẹ̀mí wewu. Àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́mù wá, owó tí wọ́n dá lé e ò dùn mọ́ mi nínú rárá. Ọkọ mi ní ká gbé e fún wẹ́dà kó gé e sí méjì ká fi gbin ata. Gáàsì ò kúkú sí nínú ẹ̀ mọ́, ó ti pẹ́ tó ti tán. Ṣé kò séwu níbẹ̀? Ìyá Ìbejì, Àpáta.*

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Ewu wà níbẹ̀, ó sì wà nínú gbólóhùn tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, pé gáàsì ò sí nínú ẹ̀ mọ́. Gáàsì tó tán lórí bọ́nà ò tíì tán nínú sìlíńdà. Èyí tó ṣẹ́kù lè má lágbára tó máa fi jáde wá jó lórí sítóòfù, àmọ́ ó wà níbẹ̀, tó bá sì ti dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ìyẹn gan-an ló burú jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Lára irin tó yí ọrùn sìlíńdà yín ká, wọ́n tẹ nọ́ńbà síbẹ̀: èyí tí wọ́n kọ TW sí ni bó ṣe wúwo tó lófìfo, èyí tí wọ́n kọ WC sí ni iye omi tó lè gbà. Ti 12.5kg máa ń tó nǹkan bíi lítà 26, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 25 kan àti díẹ̀ lé. Gáàsì ìdáná tó bá ti tó bíi 2 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ti tó láti gbiná, kò sì ní jáwọ́ títí á fi tó bíi 9. Ó já sí pé gáàsì tó máa kún ìgò omi 50cl kan ṣoṣo ti tó láti sọ inú sìlíńdà yín di bọ́ǹbù. Gáàsì yẹn nígbà tó bá ṣì jẹ́ olómi, kò tó ìdajì ṣíbí tíì, torí lítà kan rẹ̀ tó bá di atẹ́gùn á fẹ̀ dé bíi lítà 250. Ẹ sì rántí pé nǹkan kan wà tó dà bí òróró tó máa ń sùn sí ìdí sìlíńdà tó ti pẹ́, òun náà á máa yọ atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀, pàápàá tí oòrùn bá ń pa á.

Mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ lágbègbè Òkè-Àdó nígbà kan, ẹnì kan gbé sìlíńdà 6kg wá, ó ti tó bí ọdún méjì tí wọ́n ti ń fi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, orí ẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ọ̀kan nínú àwa ọmọ iṣẹ́ gbé fáìlìngì mẹ́ṣìn lé e. Ojú tí dísìkì gé ò tíì gùn tó ìka ọwọ́ nígbà tí iná fò jáde lọ́rùn sìlíńdà, ó dún gbùù, irun iwájú orí ọmọ yẹn jó lọ, ìpéǹpéjú ẹ̀ jó lọ, awọ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ṣí. Orí tó ṣí sílẹ̀ yẹn ló kó o yọ, iná rí ibi gbà jáde. Ká ní wọ́n dé e pa ni, mi ò mọ ohun tí à bá máa wí lónìí. Òórùn irun tó jó yẹn ò tíì kúrò nímú mi títí di ìsinsìnyí.

Torí náà, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún sìlíńdà kẹ́ ẹ tó fún un ní irin. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, kó jìnnà sí kànga, sí gọ́tà, sí ibi tí ilẹ̀ ti jinkòtò, torí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ tọ̀, á lọ rọra sùn sínú gọ́tà, ẹni tó ṣáná sìgá lókè lọ́hùn-ún ló máa pè é wá. Ẹ ṣí orí ẹ̀ sílẹ̀ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá fi omi ọṣẹ sẹ́nu ẹ̀ tó ṣì ń hó, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Tó bá ti dákẹ́, kí wẹ́dà gbẹ́ ilẹ̀, kó rì í dé ìdajì kó má baà máa yí, kó wá fi pàípù ráńṣì tó lọ́wọ́ gígùn tú orí idẹ yẹn kúrò. Ó máa le o, òmíì á le débi pé èèyàn méjì ló máa fà á. Ẹ kán ọ́ìlì sí etí ẹ̀ kó sùn mọ́jú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí wẹ́dà tó fẹ́ fi iná gbóná sí ọrùn ẹ̀ kó lè tú, ẹ gbé sìlíńdà yín kúrò níwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ sílé.

Tí orí ti kúrò, ẹ da omi sí i títí á fi kún dé ẹnu, kó máa ṣàn jáde. Omi ló máa ti gáàsì jáde, fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ò lè ṣe é. Ẹ dà á nù, ẹ fi omi ọṣẹ gbígbóná fọ inú ẹ̀, ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ tún wá bu omi kún un tẹ́ńtẹ́ń. Hákúsọ́ọ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà, ni kí wẹ́dà fi kọ́kọ́ lu ojú nígbà tí omi ṣì wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà kì í fẹ́ gbọ́ èyí torí ó ń gba àkókò, àmọ́ fáìlìngì mẹ́ṣìn tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná lórí omi, ikú kejì nìyẹn. Ẹ̀yìn tó bá ti là tán tẹ́ ẹ sì ti rí inú ẹ̀ rekete ni mẹ́ṣìn tó wọlé.

Ní ti ata tí bàbá fẹ́ gbìn, ó dáa, ẹ lu ihò mẹ́rin sí márùn-ún sí ìdí ẹ̀ kómi lè máa jáde, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀. Ẹ ṣáà má gbé e síbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń pa á, irin á gbóná á sì se gbòǹgbò ata, ẹ mọ bí oòrùn oṣù kejì ṣe máa ń rí n'Ìbàdàn. Ẹ lè fi àpò sìmẹ́ǹtì tàbí àpò ìrẹsì tẹ́ inú ẹ̀. Ìdí tó dípẹtà yẹn ò ṣe nǹkan kan fún ata. Tí àgbò iléyá bá sì máa ń gbé lọ́dọ̀ yín, apá kejì á di ọpọ́n omi ẹ̀, àgbò ò lè fi ìwo gbé e ṣubú bó ṣe máa ń gbé bókẹ́ẹ̀tì.

*Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mò ń sun bọ̀ọ̀lì ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n fi sìlíńdà ńlá 50kg ṣe ibi ìsunǹkan fún mi, ó dáa lójú, ó sì le ju ríìmù ọkọ̀ tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òórùn gáàsì ń jáde lára ẹ̀ tí mo bá dáná, oníbàárà kan sì sọ pé bọ̀ọ̀lì mi ń rùn bí ọ̀dà. Kí ni kí n ṣe?*

Ẹ kú ìnáwó, àǹtí. Ẹ má tíì sun nǹkan kan tẹ́nikẹ́ni máa jẹ lórí ẹ̀. Nǹkan méjì ló ń rùn níbẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n.

Èkíní ni òórùn gáàsì. Gáàsì fúnra ẹ̀ kì í rùn, ńṣe ni wọ́n dìídì fi òórùn sí i káyé lè mọ̀ tó bá ń jò. Lọ́dún 1937, ní Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gáàsì tí kò lóòórùn jò sábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan láìsẹ́ni tó mọ̀, ó bú, ó sì pa ọmọ iléèwé àti olùkọ́ tó sún mọ́ ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi ṣòfin pé gáàsì gbọ́dọ̀ máa rùn. Òórùn yẹn máa ń mú irin dáadáa, ó sì máa ń sá pa mọ́ sínú ìpẹtà, àmọ́ iná ló máa lé e lọ.

Èkejì ni ọ̀dà, òun ló ń kọ mí lóminú. Ọ̀dà sìlíńdà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé ò sì dáa fún èèyàn, àgàgà ọmọdé. Ẹ gbé e lọ síbi tí ò sí èèyàn, ẹ kó èédú kún un, ẹ jẹ́ kó jó fún wákàtí kan dáadáa láìgbé nǹkan kan lé e, kẹ́ ẹ sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kéèfín má baà kọjú sí yín. Tó bá tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ọ̀dà tó ti gbéra, tinú tòde, ẹ fi ìbòmú bo imú, ẹ kó ohun tẹ́ ẹ ha sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ dà á nù, kó má wà níbi tí adìẹ tàbí ọmọdé á ti dé. Ẹ tún dáná sí i lẹ́ẹ̀kejì. Tí èéfín funfun tó ń rùn ò bá jáde mọ́, ẹ fi òróró pa inú ẹ̀ nígbà tó ṣì ń gbóná díẹ̀, á dúdú, á sì máa dán bí ìkòkò ìyá àgbà.

Ẹ tún wo àwọ̀n tẹ́ ẹ ń to ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ àwọ̀n funfun tó ń kọ mànà, tí wọ́n fi síǹkì bò, èyí tí wọ́n ń fi ṣe ilé adìẹ, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí, síǹkì tó bá gbóná jù máa ń rú èéfín tó ń fún èèyàn ní ibà. Irin rọ́ọ̀dù lásán ni kí wẹ́dà jó pọ̀ fún yín, kó fi àyè tó tó ìbú ọwọ́ kan sáàárín rẹ̀ àti èédú, bọ̀ọ̀lì tó sún mọ́ èédú jù lara ẹ̀ á jó kí inú ẹ̀ tó rọ̀. Kó lu ihò afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ lápá méjèèjì, kó sì ṣe ilẹ̀kùn kékeré tẹ́ ẹ lè máa gba ibẹ̀ kó eérú. Èyí tí kò ní ilẹ̀kùn eérú, ẹ̀yìn ni wọ́n máa fi gbé e dà nù lójoojúmọ́, ẹ̀yìn yẹn ló sì máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

*Olùkọ́ ni mí niléèwé kan ní Mọníyà. Ríìmù ọkọ̀ tá a fi ń ṣe agogo ti sọnù, wọ́n jí i gbé. Bàbá kan fún wa ní sìlíńdà tí wọ́n ti gé ìdí ẹ̀, a fi wáyà so ó mọ́ ara ògiri, ṣùgbọ́n kò dún, ńṣe ló ń ṣe kò kò kò bí agolo. Kí ló dé?*

Ọ̀gá olùkọ́, lẹ́tà yín dùn mọ́ mi gan-an ni. Agogo ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi sìlíńdà ṣe, torí irin náà wà ní odindi, ohùn tó sì ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn fún.

Ibi tẹ́ ẹ so ó mọ́ ló pa ohùn ẹ̀. Agogo ò gbọdọ̀ fara kan nǹkan kan. Ìgbà tẹ́ ẹ bá lù ú, gbogbo ara irin yẹn ló ń gbọ̀n, ẹnu ìsàlẹ̀ ló ń gbọ̀n jù, tí ògiri bá wá kàn án níbẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn fọwọ́ bo ẹnu ẹni tó ń kọrin. Ẹ gbé e kúrò lára ògiri, ẹ so ó mọ́ ẹ̀ka igi tàbí òpó tó nà jáde, kó dá rọ̀ lófuurufú. Ọrùn ẹ̀ lókè ni kẹ́ ẹ ti so ó, ìyẹn irin tí wọ́n ń fọwọ́ mú tẹ́ ẹ bá ń gbé sìlíńdà, kẹ́ ẹ má lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Dípò wáyà, ẹ fi rọ́bà túùbù táyà so ó, wáyà á há a lọ́rùn, á sì máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀ títí á fi já lọ́jọ́ kan, sìlíńdà tó já lórí àwọn ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ gbọ́.

Ẹ tún wo ẹnu ẹ̀ tí wọ́n gé. Tó bá wọ́, tí apá kan gùn ju èkejì, ohùn á pín sí méjì, á máa gbọ̀n wìrìwìrì. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n yíká, kí wẹ́dà sì fi fáìlì pa á pọ̀ kó dọ́gba. Àti pé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán. Ẹ da omi sí i lára, tó bá ti ń gbẹ, ìlà tó ṣẹ́kù tí kò tíì gbẹ yẹn ni ojú ibi tó sán. Kí wẹ́dà fi dírìlì lu ihò kékeré sí òpin ibi tí ìlà náà dé gẹ́lẹ́, ìlà náà ò ní lè rìn kọjá ihò yẹn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Sìlíńdà 12.5kg, abọ́ méjì ni wọ́n dojú kọra wọn tí wọ́n jó pọ̀ láàárín, ẹ máa rí ojú ìjópọ̀ yẹn tó yí ìbàdí ẹ̀ ká. Tí wọ́n bá gé e sísàlẹ̀ ojú yẹn, agogo á gùn, ohùn ẹ̀ á sì wálẹ̀. Tí wọ́n bá gé e sókè ojú yẹn, á kéré, ohùn ẹ̀ á ròkè, á sì mọ́ ju tàkọ́kọ́ lọ, torí ojú ìjópọ̀ yẹn ò sí lára ẹ̀ láti dí i lọ́wọ́. Fún iléèwé tó ní pápá ńlá, èyí tó gùn ni mo máa mú. Tẹ́ ẹ bá ní méjì, ẹ gé ọ̀kan gùn, ẹ gé èkejì kúrú, kí ọ̀kan máa pe àwọn ọmọ wọlé, kí èkejì máa sọ pé ó ti di àkókò ìsinmi. Ẹ lù ú nísàlẹ̀ létí ẹnu ẹ̀ ni o, kì í ṣe láàárín.

*Ẹ̀gbọ́n, ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀jẹ́ la wà. Mo rí fídíò ìlù kan tí òyìnbó fi sìlíńdà gáàsì ṣe, ó gé ojú ahọ́n-ahọ́n sí i lára, ó ń fọwọ́ lù ú, ó ń dún bí omi. Ṣé a lè ṣe é níbí, àbí irin tiwọn yàtọ̀?*

Àbúrò mi, irin náà ni. Ìlù tó o rí yẹn, Hank drum ni wọ́n ń pè é, Dennis Havlena tó ń gbé ní Michigan ló ṣe é lọ́dún 2007 láti ara sìlíńdà gáàsì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fún ẹran yíyan, tó ń gba nǹkan bíi kílò 9. Ó fẹ́ ní ohùn tó jọ ti ìlù hang, ìlù irin kan tí wọ́n ń ṣe ní Switzerland nígbà yẹn, àmọ́ ìyẹn wọ́n gan-an, ló bá wá èyí tó wà nítòsí. Kò sì ní ya ẹ̀yin onílù lẹ́nu, torí àwọn ará Trinidad náà, àgbá epo bẹntiróò ni wọ́n sọ di ìlù irin tí wọ́n ń pè ní steelpan.

Ìdí sìlíńdà ni wọ́n máa ń dojú rẹ̀ sókè, wọ́n á gé irin ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò, wọ́n á wá gé ojú ahọ́n síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni wọ́n á gé, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ kó di ìdí ahọ́n mú. Bí ahọ́n bá ṣe gùn tó ni ohùn ẹ̀ ṣe máa wálẹ̀ tó. Nítorí náà, gé e kúrú ju bó o ṣe fẹ́ lọ, kó o máa fi sọ́ọ̀ fà á gùn díẹ̀díẹ̀, kó o máa tẹ́tí sí i. Tó o bá ti gé e kọjá, iṣẹ́ àtipadà ò rọrùn, àfi kó o máa ha imú ahọ́n náà kó fúyẹ́ kí ohùn lè padà ròkè díẹ̀.

Àwọn òyìnbó máa ń gé ohùn mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn tèmi fún ọmọ ilé onílù ni pé kó o kọ́kọ́ gé mẹ́ta péré: dò, rè, mí. Ohùn mẹ́ta yẹn ni èdè wa fi ń sọ̀rọ̀, òun náà sì ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dúró, fi dán orúkọ wò. Ìbàdàn: dò dò dò, ahọ́n kan ṣoṣo. Olúyọ̀lé: rè mí dò mí. Tí bàbá rẹ tó jókòó nínú yàrá bá gbọ́ ọ láìrí ọ, tó sì mọ ẹni tó ò ń pè, ìlù ẹ ti pé, o lè wá máa fi àwọn ohùn yòókù kún un. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ yìí níbí rí, tó o bá ṣe é, jọ̀ọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa. Ohun tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì lórí omi, tìẹ náà ni o, kà á lẹ́ẹ̀mejì.

*Mo ń sin adìẹ ní ẹ̀gbẹ́ Ẹgbẹ́dá. Ìkòkò èédú là ń gbé fún òròmọdìẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń gba mẹ́ta mẹ́rin lóru. Ṣé sìlíńdà á dáa jù?*

Ó dáa jù, ọ̀gá mi, torí irin ẹ̀ nípọn, á máa mú ooru lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá sì ṣe ilẹ̀kùn tó ń dé sísàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ lè máa fi dín afẹ́fẹ́ kù, èédú á pẹ́. Àmọ́ ẹ má ṣe é láìní pàípù èéfín. Pàípù gbọ́dọ̀ gba orí ẹ̀ jáde kọjá páànù lọ síta. Èédú tó ń jó nínú ilé tí wọ́n fi tapólíìnì bò máa ń yọ gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò lóòórùn, kò láwọ̀, òun ló máa ń pa òròmọdìẹ lóru tẹ́ ẹ ó fi máa rò pé àrùn ni, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn tó sùn tì èédú. Kí ọmọ iṣẹ́ yín má sùn síbẹ̀ rárá, pàípù o, kò sí pàípù o.

Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù, ẹ fi àwọ̀n yí i ká kó jìnnà sí lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ́ ẹ kó wá láti Bódìjà, torí lẹ́búlẹ́bú yẹn kò nílò ju ẹ̀ta iná kan lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru tí wọ́n nílò jẹ́ nǹkan bíi 32 sí 35°C, kẹ́ ẹ máa fi bíi 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní tẹmọ́mítà, ó dáa. Tí ò bá sí, ẹ wo àwọn adìẹ fúnra wọn. Tí wọ́n bá gun ara wọn lórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá lọ sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n lanu tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ dé ilẹ̀kùn.

*Èmi ń tún fíríìjì àti AC ṣe ní Ìwó Road. Sìlíńdà gáàsì fíríìjì pọ̀ lọ́dọ̀ mi, ṣé mo lè rọ gáàsì ìdáná sí i, àbí kí n tà á fún fọgánáísà kó fi gba afẹ́fẹ́?*

Rárá, méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe sìlíńdà yẹn fún, irin ẹ̀ tín-ín-rín, inú ẹ̀ sì máa ń dípẹtà tí omi afẹ́fẹ́ bá ti ń sùn síbẹ̀, ọjọ́ tó bá máa fọ́ kò ní kọ lẹ́tà sí fọgánáísà. Ẹ tú gbogbo gáàsì inú ẹ̀ síbi tí wọ́n ń gbà á padà sí, ẹ lu ihò sí i, ó ti di àdògán kékeré tàbí ìkòkò òdòdó nìyẹn. Ẹ sì gbọ́ o, gbogbo sìlíńdà yòówù tí wọ́n bá ti fi sọ́ọ̀ tàbí wẹ́dà kàn lára, kò gbọdọ̀ gba gáàsì tàbí afẹ́fẹ́ mọ́ láyé, bó ti wù kí wẹ́dà náà mọṣẹ́ tó.

*Sìlíńdà tí bàbá wa fi ń ṣe gáàsì wẹ́dà, acetylene ni wọ́n kọ sí i lára. Bàbá ti kú, a fẹ́ gé e.*

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ má gé e. Èyí kì í ṣe irú ti ìdáná rárá, inú ẹ̀ ò ṣófo, nǹkan tó rí bíi kàn-ìn-kàn-ìn ni wọ́n fi kún un, wọ́n sì da omi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetone sí i, ibẹ̀ ni gáàsì máa ń fara pa mọ́ sí. Omi ò lè fọ̀ ọ́, kò sí iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣí i sílẹ̀ tó máa tán. Ẹ gbé e ní òró, kó dúró, kẹ́ ẹ má fi yí nílẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà fún ibi tí wọ́n ti ń ta irú gáàsì yẹn.

*POS ni mò ń ṣe ní Challenge, atẹ́gùn gbé agbòòrùn mi lọ lẹ́ẹ̀mejì lósù tó kọjá. Ẹnì kan ní kí n fi ìdajì sìlíńdà ṣe ìdí ẹ̀. Orí idẹ tí wọ́n tú kúrò ńkọ́, ṣé ó wúlò?*

Àmọ̀ràn tó dáa ni wọ́n fún yín. Ẹ dojú abọ́ ìsàlẹ̀ sókè, irin ẹsẹ̀ ẹ̀ á jẹ́ kó jókòó dáadáa, ẹ na pàípù tí ọ̀pá agbòòrùn lè wọ̀ sí àárín, ẹ fi sìmẹ́ǹtì àti òkúta pò ó kún, ẹ fi pọ́nbé bíríkìlà wò ó kí pàípù tó dúró ṣánṣán kó tó gbẹ, ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i. Ẹ má gbàgbé láti lu ihò kan sí ìdí pàípù kómi òjò má baà dúró síbẹ̀. Á wúwo o, èèyàn méjì ló máa gbé e, ẹ kúkú jẹ́ kó máa sùn síbẹ̀.

Orí yẹn, idẹ ni, àwọn oníkọ̀ǹdẹ́mù sì máa ń ra idẹ lówó tó ju ti irin lọ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ irin fún yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tà á, ẹ fi hákúsọ́ọ̀ gé ojú téẹ̀dì ẹ̀ wọlé ní ibi méjì, kẹ́nikẹ́ni má baà rí i rà kó lọ dè é mọ́ sìlíńdà ẹlòmíì.